Ilà Tí Nélida Fà

Aago méjì òru ní Iquitos,
òjò ń ha orí páànù bí ẹni ń ha ìkòkò tó jóná.
Nélida tẹjú mọ́ awò.
Nínú abọ́ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́,
awọ ara ẹni tí kò mọ̀ rí wà láàyè nínú omi pupa rúsúrúsú.
Àná ló fi ṣóńṣó ike fa ilà gba àárín rẹ̀ kọjá:
ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ké sí.

Abọ́ mẹ́fà. Mẹ́ta gba oje igi,
díẹ̀, púpọ̀, púpọ̀ jù,
igi etí odò Itaya tó jẹ́ pé
bí àdá bá kàn án, á ṣẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn.
Mẹ́ta yòókù, omi lásán.
Eudosia ìyá rẹ̀ bínú lórí fóònù:
"Kí lẹ tún ń dán wò?
Ọjọ́ tó o jábọ́ lórí afárá pákó,
kí ló wo orúnkún rẹ sàn?"

Etí ọ̀tún ń rìn bọ̀, etí òsì ń rìn bọ̀,
bí ọkọ̀ méjì nínú kùrukùru.
Abọ́ kìíní pa dé. Ìkejì pa dé.
Nínú ìkẹta, oje ti pa gbogbo wọn.
Omi lásán náà ń pa dé, jẹ́jẹ́,
kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.
Ìyàtọ̀ wà; kò ju fọ́nrán irun lọ.
Lọ́la, ilà mìíràn.

Kó tó paná, ó ká ṣòkòtò sókè,
ó fọwọ́ ra orúnkún.
Ojú àpá ò jọ ojú ara:
ó ń dán, ó tutù,
ó sì ń yún un lóru òjò.