Lójú Fèrèsé, Ọjọ́ Ìkórè

Òjò kọ́kọ́ fẹ́ bà á jẹ́.
Ó ń lu páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsarà
bí ẹni ń da ẹ̀kùrọ́ sórí àtẹ.
Dùùrù ń ké lábẹ́ rẹ̀, a ò gbọ́;
eku ti jẹ awọ ikùn rẹ̀ láti oṣù Ògún.
Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀,
ó mí bí arúgbó tó gun òkè,
ó dákẹ́.

Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́? N ò mọ̀.
Bóyá àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn, nídìí ewùrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀,
àwọn tí àkùkọ ìkórè ń ṣu sí lẹ́sẹ̀.
Wọ́n gba orin lẹ́nu dùùrù
bí a ti í gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀.
Halelúyà,
ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù fi ránṣẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò túmọ̀ fún wa rí,
ó dé ẹnu ìyá àgbà tí ò mọ̀wé,
ó bá a mu bí eyín rẹ̀.
Òjò gan-an wá di ẹni tó ń gbè é.

Èmi dúró níta, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, lójú fèrèsé.
Mo ní bàtà mi ló tutù. Irọ́ ni.
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá Ọlọ́run yan odì
lórí ọ̀rọ̀ tí èmi àti òun mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi tó dìde.
Tíṣà Odùlàjà, tó fi rúlà gígùn kọ́ ìdajì Rẹ́mọ ní ìṣirò,
tó máa ń dúró gbọn-in bí òpó nígbà ọpẹ́.
Ó wo ìyá mi
tí wọ́n gbé dé láti ọsibítù Ṣàgámù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tó fara ti ògiri lórí bẹ́ǹṣì,
ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́ gèlè,
tó ń fi ìka kan ṣoṣo lu orúnkún.
Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kó o sápò,
ó jáde sí àárín ilé Olúwa,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò mọ̀ ọ́n jó!
Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ Ìpẹ̀rù, tòsì ń bọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́.
Fìlà ṣí. Agbádá ká sí èjìká,
síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu yọ síta.
Ojú tì mí débi pé mo di irin fèrèsé mú,
mo sì rántí Míkálì ọmọ Sọ́ọ̀lù,
obìnrin tó wo ọba láti òkè,
tó rí itan, tí kò rí àpótí ẹ̀rí.
Bóyá kò sẹ́ni tó pè é wá sísàlẹ̀.

Ìyá mi ló rí mi.
Kò juwọ́. Ó kàn sún ìdí díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì,
ààyè kékeré, kò ju ìdajì ìdí mi lọ.

N ò tí ì yanjú ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú Ọlọ́run.
Mo bọ́ bàtà tútù náà sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà gbàǹjo, bàbá mi ra àkùkọ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá,
ó rà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́, awò kò sí lójú rẹ̀,
kò dá mi mọ̀.
“Ẹ gbà, ìyá,” ó ní, “ẹ bá wa yọ̀.”
Mo gbà á.
Ó ṣu sí mi lẹ́sẹ̀.