Ó Gbó Ni, Kò Tíì Dàgbà

Ọkùnrin náà ti Ìlọrin wá lọ́jọ́ Sátidé,
ó wọ bàtà funfun wọ àgbàlá wa l'Ómù-Àrán,
ó ní òun gbọ́ pé Pijó kan wà lábẹ́ igi kájú.
Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.
Ọdún mọ́kànlá ló ti jókòó síbẹ̀,
ewé gbígbẹ ti tẹ́ ẹní sórí rẹ̀,
táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀ dé ìdajì.

Ó mú ìwé kékeré jáde.
Ọjọ́ orí nìkan kọ́ o, Màmá.
Ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó gbó, ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó dàgbà.
Ọgbọ̀n ọdún lè sọ irin kan di pàǹtí,
kó sọ òmíràn di ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bò
tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún.
Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé:
ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé, ṣé òun ló ṣì wà láyà rẹ̀?
Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní Kàdúná ńkọ́?

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kú sí Ajàṣẹ́-Ìpo
lọ́dún tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó.
Sàárù mẹkáníìkì tú u sílẹ̀ nínú òjò,
ó fi èyí tó ti jẹun ẹlòmíràn l'Ọ́fà rọ́pò.
Ilẹ̀kùn òsì, ara ọkọ̀ Fáníyì ni,
èyí tó kọ lu màlúù lọ́nà Òró;
ẹ ò rí i pé àwọ̀ ewé ni, tí ara tó kù jẹ́ àwọ̀ ògì?
Gíláàsì ẹ̀yìn, ọmọ mi tó dúró yìí ló sọ̀kò lù ú.

Ọkùnrin náà ń fagi lé nǹkan nínú ìwé rẹ̀.
Ó fa ọ̀kan. Ó tún fa ọ̀kan.
Ó gbó ni, Màmá. Kò tíì dàgbà.
Àmọ́ òun á fún wa lówó díẹ̀ nítorí sítíárì.

Bàbá mi ni mo ń rò ní tèmi.
Eyín mẹ́ta lókè, Ìlọrin ló ti rà wọ́n.
Wọ́n ti bó nǹkan kúrò lójú rẹ̀ ọ̀tún.
Irin wà ní ìbàdí rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí a sin ín, ta ló ní kì í ṣe òun?
Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà,
àkísà ni kò lè ní tó o.
Èmi rò pé àkísà yẹn gan-an ni àgbà.
N kò sọ ọ́ síta.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pé kí òun wo àga.
Àgbébọ̀ adìẹ kan ké, ó na ọrùn,
ó sọ ọ́ lọ́wọ́, ó padà jókòó.
Ẹyin mẹ́sàn-án,
lórí ibi tí wọ́n bí Abọ́sẹ̀dé àbúrò mi sí
lóru tí omi gbé afárá lọ.

Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá wí.
Ó ní, kí lẹ fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀?
Kò sí.
Ẹ jẹ́ kí onílé pamọ ná.

Ó ro ó títí,
ó kọ ọ́ sínú ìwé.