Ohun tí Nẹ́gẹ́tífù Rí

Bàbá Ọnàfowókàn, onífọ́tò Òkè-Sópìn n'Íjẹ̀bú-Igbó,
kì í fi fíìmù ṣòfò.
Fọ́tò méjìlá péré ni róòlù kan gbà.
Wọ́n ní kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí n bi ara mi
ṣé ohun tí mò ń wò yìí yóò tún wà lọ́la.

Mo gbé nẹ́gẹ́tífù àtijọ́ kan sójú fèrèsé:
igbó ẹ̀yìn sọ́míìlì, lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Ìrókò funfun báláú, ojú ọ̀run dúdú,
ọkùnrin mẹ́ta di ayùn mú,
ojú wọn funfun bí iwin.

Mo jáde lọ wo ibẹ̀.
Kò tún sí ohun tí a fẹ́ fọ̀.
Ibi tí igi ti ṣú dùdù, oòrùn ti gbà á.
Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di nẹ́gẹ́tífù.

Mo fẹ́ bú àwọn aláyùn.
Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń da omi háípò
sídìí ọsàn ẹ̀yìnkùnlé lálaalẹ́,
ọwọ́ mi á máa rùn bí ọtí kíkan.
Bàbá á ní, "Dà á jìnnà sí kànga."
Jìnnà dé ibo?

Ọsàn náà kò so mọ́.
Mo tú gbogbo àpótí, n kò rí fọ́tò rẹ̀ kan.
A kò fi fíìmù ṣòfò lórí rẹ̀.