Ọjọ́ Mẹ́wàá

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn ẹ̀gbọ́n mi.
Kì í ṣe oṣù, kì í ṣe ọdún.
Ìyá wa Earline, tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù Saginaw,
kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
ó ní, "Ọlọ́run gan-an ò lò tó bẹ́ẹ̀ fi dá ayé."

Rondell ga. Ó ga débi pé
ó ń tẹrí ba fún àtẹ́rígbà ilé wa
bí ẹni ń kí àgbà láàárọ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ni ó ti lo mẹ́sàn-án nínú ọjọ́ náà.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá, akọ́nimọ̀ọ́gbá bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìwọ, dìde."
Ìṣẹ́jú mẹ́rin, àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.
Ó ju bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n. Ẹyọ kan.
Òkè téńté la wà, níbi téèyàn ti ń kéré bí èèrà;
Màmá pariwo títí obìnrin iwájú wa fi yíjú padà:
"Ṣé ọmọ yín ni?"
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ọmọ wa.

Ilẹ̀ tí kò bá ti ta bọ́ọ̀lù padà,
ẹni tó mú bọ́ọ̀lù dání kì í bá a jà,
ilẹ̀ mìíràn ló ń wá.

Ó wá a dé Bandırma, létí òkun àwọn ará Tọ́kì.
Owó wọlé ní oṣù kìíní.
Ní oṣù kejì, ẹ̀rín ni wọ́n fi san án.
Ní oṣù kẹta, ẹ̀rín náà tán.
Ọkùnrin tó jẹ àmì ayò ogún lálẹ́ Sátidé,
ní Mọ́ńdè ó ń yá owó búrẹ́dì
lọ́wọ́ Nurettin tó ń nu ilẹ̀ pápá.
(Nurettin ò gba owó náà padà títí dòní.)

Lẹ́yìn náà, Panevėžys, ní Lituéníà.
Wọ́n so ìrù mọ́ orúkọ rẹ̀, ó di Rondelas.
Àwọn bàbá arúgbó ń dá a dúró lọ́jà,
wọ́n ń fi igi ìtilẹ̀ wọn yàwòrán sínú òjò dídì,
ibi tó yẹ kó dúró sí lánàá, ibi tí kò yẹ.
Òjò dídì yẹn, ó sọ fún mi lórí fóònù,
tiwa náà ni, kò kàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni.
Genovaitė onílé rẹ̀ ń gbé ọbẹ̀ tútù fún un, ọbẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.
Ọdún kìíní, ó ń dà á nù ní kọ̀rọ̀.
Ọdún kẹta, òun ló ń béèrè.

Níbẹ̀ ló wà nígbà tí Màmá dùbúlẹ̀
lórí irú aṣọ ibùsùn tó ti ń fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.
Mo gbé fóònù sí i létí.
"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ọ lọ́hùn-ún?"
"Ọdún mẹ́fà ti pé, Màmá."
Ìka rẹ̀ ń yí lórí aṣọ, ọ̀kan, èjì,
mi ò mọ ibi tó kà á dé.

Ó ti padà wálé báyìí. Orúnkún ló dá a padà.
Òun ló ń ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngán eré ní ilé ìwé tí a ti jọ lọ,
òun ló ń tan iná, òun ló ń pa á.
Àwọn ọmọ bi í pé, "Ṣé o gbá a ní líìgì ńlá rí?"
"Ọjọ́ mẹ́wàá," ó dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ẹnu ń yún mi láti sọ̀rọ̀. Ó wò mí, mo dákẹ́.
"Ẹ so okùn bàtà yín," ló wí.

Láàárọ̀ òní, ẹrù kan dé láti òkèèrè:
ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, Genovaitė ló hun ún,
ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.
Kò gba ẹsẹ̀ Rondell, bó ti wù kó fà á tó.
Ó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́,
ó tẹrí ba fún àtẹ́rígbà,
ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà.