Mo Ka Dé Ẹ̀fà

Ọmọ mi Inunnguaq pé ọdún méjì àbọ̀
ní oṣù tí oòrùn kì í yọ nílùú wa.
Ajá mẹ́rìndínlógún ló ń gbó lẹ́yìn ilé,
ẹnu gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́.
Tirẹ̀ nìkan ló dákẹ́.

Á fa apá aṣọ mi,
á nawọ́ sórí pẹpẹ,
èmi á sì ti gbé e fún un kó tó mí lẹ́ẹ̀kan:
ife, búrẹ́dì, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pupa.
Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́.
Bí bàbá mi náà ṣe rí nìyẹn, ọkùnrin tó lè pẹja
lórí yìnyín fọ́jọ́ mẹ́ta, kó wọlé,
kó ní, "Òtútù mú," kó sì lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì Arnatsiaq yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní etí pé.
Ó kúnlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tọmọ dọ́gba,
lẹ́yìn náà ló tó wojú mi.
"Pavia, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ nílé?"
Mo ní tẹlifíṣọ̀n.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.
"Ohun tọ́wọ́ rẹ bá ń ṣe, fẹnu sọ ọ́.
Tó o bá bi í léèrè, ka dé èje.
Má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tí ò tíì rí i sọ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pa tẹlifíṣọ̀n.
Ilé pa lọ́lọ́.
Mo kó okùn ìwọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ bí aṣiwèrè:
"Bàbá ń to ìwọ̀. Ìwọ̀ kan. Ìwọ̀ míì.
Ìwọ̀ mú. Ó gún Bàbá! Yéè!"
Ó gbójú sókè.
Lọ́jọ́ kejì ìwọ̀ tún gún mi, irọ́ ni.
Yéè! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú.

Èdè wa gùn, ọ̀rọ̀ kan lè ru odindi gbólóhùn;
mo ń gé e wẹ́wẹ́ fún un
bí ẹni ń gé ẹran fọ́mọ tí ò léyín.
Sikkersoq, ìyàwó mi, ń gbọ́ láti yàrá.
Ó ní lọ́dún mẹ́sàn-án tóun ti fẹ́ mi
òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó báyìí lẹ́nu mi rí.
Kì í ṣe àwàdà.

Ka dé èje: ó rọrùn lẹ́nu nọ́ọ̀sì.
Mo mú ẹja gbígbẹ dání.
"Kí lo fẹ́?"
Ení, èjì, ẹ̀ta: ó ń wo ẹja.
Ẹ̀rin: ó ń wò mí.
Àrún, ẹ̀fà. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.
Ní ẹ̀fà ni mo ti fún un.
Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mi ò dé èje.

Oṣù kejì, oòrùn yọrí lẹ́yìn òkè,
kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó tún wọ̀.
A jáde lọ bọ́ àwọn ajá.
Garawa gbẹ. Mo dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n lè rí i.
Kajok, ajá arúgbó, kò tíì jẹ.
Mi ò bi ọmọ léèrè. Mi ò ka nǹkan kan.
Ó na ìbọ̀wọ́ pupa sí ajá náà,
èéfín yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà nínú èéfín:
"Suli."
Lédè wa, ó kù ni. Kò tíì tán ni.

Mo dúró lórí yìnyín bí òpó.
Èmi tí mo ti ń rojọ́ ìwọ̀ àti ẹja láti ọjọ́ yìí,
ọ̀fun mi dí.
Kò fa apá aṣọ mi.
Ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi,
ó ń dúró.