Ọkọ̀ Tó Fẹ́ràn Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọ̀kẹ́ mọ́kànlélógún kìlómítà ni mo bá lójú aago rẹ̀.
Mo fi ìka nu eruku, mo tún un kà:
òǹkà ò dín.
"Ẹlòmíràn ì bá ti yí i padà," ni Bàbá Ṣóẹ̀tán wí,
"kó lè dà bí ọmọge lójú yín.
Èmi ò yí i. Ibi tó dé náà ló dé."

Ó dé Ìmẹ̀kọ, ó dé Ayétòrò,
ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ màlúù kọjá odò tí kò ní afárá,
ọdún mọ́kàndínlógún tí bàbá fi ṣe dókítà ẹran
kí ìjọba tó ní kó lọ sinmi,
tí wọn ò sì rántí owó ìsinmi náà.
Funfun ni wọ́n kùn ún níjọ́sí;
nísinsìnyí ó ti pọ́n bí gààrí tí epo kàn.
Igi ni wọ́n fi ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

Èmi pẹ̀lú pákí mi.
Láti Ọ̀pẹ́jì dé ilé àwọn tó ń yan gààrí,
ọkọ̀ ayálò ló ń jẹ gbogbo èrè:
oko tèmi, òógùn tèmi,
owó ti onímọ́tò.
Ni mo bá kó àjọ ọdún mẹ́ta,
mo mú Ràímì mẹkáníìkì dání lọ sẹ́yìn ojú irin Láfẹ́ńwá,
nítorí èmi àti ẹ́ńjìnnì, ojú lásán la ń wo ara wa.

Ràímì ò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó wò mí, ó wo bàbá,
ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bí alángbá.
Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n ṣáná sí i.
Díṣẹ́ẹ̀lì ké, igi máńgòrò gbọn ewé,
adìyẹ bàbá sá wọ ilé ìdáná.
Èéfín dúdú kọ́kọ́ yọ. "Ìyẹn ò burú, nọ́sù ni."
Lẹ́yìn náà ó ṣí ìdérí ọ́ìlì,
ó dojú rẹ̀ dé, ó fi í lé ẹnu ihò:
"Bó bá fò, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.
Bó bá ń gbọ̀n lásán, a ó jọ dúnàá-dúrà."
Àwa mẹ́ta tẹjú mọ́ ìdérí kékeré
bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò ọmọ.
Ó gbọ̀n. Ó sún síhìn-ín, ó sún sọ́hùn-ún.
Kò fò.

Mílíọ̀nù mẹ́rin. Méjì àbọ̀. Mẹ́ta ó lé.
Mo ti ń tú kókó etí ìró mi
nígbà tí Ràímì la ẹnu:
"Bàbá, ọkọ̀ yìí ti gbóná ká tó dé."

Bàbá ṣí fìlà. Ó wo ilẹ̀ pẹ́.
"Kì í jí láàárọ̀," ló wí, bí ẹni ń ṣòfófó ọmọ rẹ̀.
"Kọ́kọ́rọ́ kò ràn án. Ó di orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
kó máa yí lọ díẹ̀, kí n tó ki gíà kejì bọ̀ ọ́.
Ọdún mẹ́rin rèé. Ẹ má bínú.
Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún àlejò."

Ẹ̀rín ló pa mí.
Ta nilé rẹ̀ tẹ́jú ní Abẹ́òkúta?
Ní Àgó-Ọ̀kò tí mò ń gbé,
omi tí mo bá fi wẹ̀ a ti dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Wúràọlá
kí n tó ró aṣọ.
Mo ní, "Bàbá, ẹ yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kúrò,
kí ojú tó ń tì yín lè tán."
Ó yọ ọ́. Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́lẹ́.

Àwọn baba wa sá wá sábẹ́ òkúta.
Ní tèmi, òkúta ni mo ń fi sábẹ́ táyà lálaalẹ́.
Láàárọ̀ n ó yọ ọ́, n ó jókòó,
ọkọ̀ á yọ́ kọjá fèrèsé àwọn tó ń sùn,
kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
títí dé ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti máa ń húkọ́,
tí gbogbo àdúgbò á jí ṣépè fún mi.

Aago mẹ́fà kò ní í tíì lù tán
tí fóònù mi á dún. Bàbá Ṣóẹ̀tán ni.
Kò ní kí mi. Kò ní béèrè pákí.
"Ṣé ó ti jí?"