Jẹ́mirìn

Owó kajú ọdún yìí kò pọ̀,
àmọ́ ó tó ra òkú alùpùpù.
Ọwọ́ Onímìsì, ọmọ Ẹ̀bìrà tó ń ta irin àlòkù
lẹ́bàá ọ̀nà Kàbà, ni mo ti rà á.
A gbé e wá sí Ìyàrà láàárín àpò iṣu,
bí ẹni gbé aláìsàn tí dókítà ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé.

Ìbídùn wò ó. Ó wò mí.
"Tíṣà, ìwọ tí o kò rí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tún ṣe?"
N kò fèsì. Mo lọ wá sípánà.

Lábẹ́ àtíbàbà tí ewúrẹ́ ń sùn sí ni mo ti tú u.
Mo tú táyà, mo tú ṣéènì,
mo ṣí kábúrétọ̀: iyẹ̀pẹ̀ pupa ni mo bá níbẹ̀,
iyẹ̀pẹ̀ gbogbo oko tó ti dé.
Nọ́ọ̀tì mẹ́rin kọ̀, wọn ò yí.
Mo ta epo sí wọn lára, mo bẹ̀ wọ́n, mo fi iná rà wọ́n.
Mẹ́ta gbọ́. Ọ̀kan kán sí mi lọ́wọ́.

Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀:
etí agolo mílíìkì tí ó gé há ibi tó ti ń mì,
ọ̀já àdìrẹ tí ó fi di wáyà
ní kókó méjì, kókó tó mọ́.
Obìnrin ló di kókó yìí, mo sọ fún ara mi.
Mo fi ọ̀já náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Atẹ ẹ̀wà Ìbídùn ni mo kó bóòtì lé.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri,
bí mo ti ń ṣe fún kíláàsì kejì láyé ọjọ́sí:
èyí tó jáde gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ wọlé.
Ewúrẹ́ tí mo lé kúrò níbùsùn rẹ̀ padà lóru,
ó lá ògiri láti mẹ́tàlá títí dé ogún.

Gáskẹ́ẹ̀tì ò sí ní Kàbà. Mo gé e
lára páálí rẹ́jísítà àwọn ọmọ mi àtijọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo há ọ̀dà ara táńkì.
Pupa. Dúdú lábẹ́ pupa. Búlúù lábẹ́ dúdú.
Lábẹ́ búlúù, lẹ́tà funfun, ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́:
JẸ́MIRÌN.

Orúkọ ìdílé ni àbí àdúrà ni?
Onímìsì ò mọ̀. Ó ní ẹni tó tà á fún òun,
ọwọ́ ẹlòmíràn lòun náà ti rà á.
Mo ti kọ́ Jẹ́mirìn méjì níwèé rí:
ọ̀kan ń bẹ ní Kàdúná, ọ̀kan ò sí mọ́.
N kò ní tiwọn ni. N kò ní kì í ṣe tiwọn.
Agolo ọ̀dà tuntun tí mo rà, n kò tíì ṣí i.

Lálẹ́ àná mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà mọ́kànlá.
Eegun orúnkún mi ń dún, ẹ́ńjìnì dákẹ́.
Ìkejìlá, ó wúkọ́,
ó pọ èéfín tó dúdú bí ẹ̀sùn àtijọ́,
ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.
Ewúrẹ́ fo ọgbà lọ.

Ìbídùn jáde, ìgbákọ ń kán ọbẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó tún gèlè rẹ̀ wé le,
ó gòkè sẹ́yìn mi.
Bóòtì kan ṣẹ́ kù lórí atẹ.
Mo yára fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àpótí.

"Ọ̀kún o!" ni àwọn ará iwájú ilé ń kí wa.
Nǹkan kan ń dún kìrì-kìrì nísàlẹ̀.
"Kí ló ń dún yẹn?"
Mo ní afẹ́fẹ́ ni.